Àpò Wo Ni Ti Ike, Àpò Wo Ni Ti Ọ̀rá?

Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí la gbé wá fún yín lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ má sọ pé kí ló kàn wá níbẹ̀. Kò sí ilé tí wọ́n ti ń dáná tí wọn kì í da ilẹ̀ nù, ohun tí a bá sì ń ṣe lójoojúmọ́, ó yẹ ká mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ wo bí ọ̀pọ̀ ilé wa ṣe rí. Bàbá ti jáde láago márùn-ún ààbọ̀, ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti iṣẹ́ òru bọ̀, àwọn ọmọ wà nílé ìwé. Màmá Àgbà tó ti ilé wá bá wa tọ́jú ọmọ ló wà ní kíṣìnì. Òun ló ń bẹ iṣu, òun ló ń ṣí agolo tòmátò, òun ló ń tú ẹja kúrò nínú páálí. Ẹni tó ń dáná náà ló ń da ilẹ̀ nù. Nítorí náà, ọwọ́ Màmá ni ètò àtúnlò ilé wa wà, kì í ṣe ọwọ́ àwa tí à ń san council tax. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí wọ́n ń kọ ohun tó wà lára bíìnì àti àpò ìdọ̀tí, Màmá kọ́ ni wọ́n fi sọ́kàn.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀? Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ti ilé ìwé dé, ó ṣí bíìnì, ló bá pariwo: "Grandma, not that one!" Ó yọ nǹkan ọ̀hún jáde, ó ń ṣàlàyé bíi tíṣà. Lọ́jọ́ kìíní, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Nígbà tó máa di ọjọ́ kẹwàá, Màmá ò dá sí bíìnì mọ́. Gbogbo ẹ̀ ló ń kó sínú àpò dúdú kan ṣoṣo, á so ó pa, á gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn títí ẹlòmíràn á fi bá a gbé e jáde. Obìnrin tó tọ́ ọmọ mẹ́fà yanjú, tó fi ọgbọ̀n ọdún ná ọjà láì kọ ìṣirò kankan sílẹ̀, ó wá di ẹni tó ń bẹ̀rù ike ìdọ̀tí.

Ohun tí a fẹ́ sọ nìyí o: kì í ṣe Màmá ni kò mọ̀ ọ́n ṣe, àmì ara àpò ni kò sọ̀rọ̀ tó yéni. Àmì tó bá yéni kì í jẹ́ kí ọmọdé di ọ̀gá lórí àgbà nínú ilé. A sì lè ṣe irú àmì bẹ́ẹ̀ fúnra wa, lórí tábìlì ilé wa, láàárín ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan.

OWÓ WA LÓ WÀ NÍNÚ ÀPÒ

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ojú oníṣirò wò ó. Barking and Dagenham kì í dá wá ibi tí ìdọ̀tí rẹ̀ máa gbà. Láti 1986 ni òun, Newham, Redbridge àti Havering ti jọ wà lábẹ́ àjọ kan tó ń jẹ́ East London Waste Authority. Àjọ yìí ló ń tọ́jú ilẹ̀ tí wọ́n bá kó lẹ́nu ọ̀nà wa, ó sì ń bu owó iṣẹ́ náà lé àwọn council mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí. Bí ìdọ̀tí ilé ti council kan bá ṣe wúwo tó wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣírò owó tó máa san. Níbo wá ni council ti ń rówó? Ṣebí lápò tiwa náà ni.

Owó orí tún wà lórí ìdọ̀tí tí wọ́n bá rì mọ́lẹ̀. Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní October 1996, £7 ni lórí tọ́ọ̀nù kan. Ní April 2025, ó ti di £126.15. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ mọ ìṣirò, ẹ fi 7 pín 126: ìlọ́po méjìdínlógún! Ìdí nìyẹn tí àwọn council fi ń sá fún kòtò ìdọ̀tí. Èyí tí wọn ò bá rì mọ́lẹ̀, wọ́n lè sun ún kí wọ́n fi mú iná mànàmáná jáde, ṣùgbọ́n sísun náà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Èyí tó ṣeé tà fún àwọn tó máa tún un lò ni ìwé tó gbẹ, páálí, agolo àti ike tó mọ́.

Ọ̀rọ̀ "tó gbẹ" àti "tó mọ́" yẹn ni kókó. Bí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí bá dà sórí ìwé, ìwé náà ti kúrò lọ́jà. Ìnáwó méjì ló sì dà: owó tí wọn ì bá rí lórí ìwé náà ti lọ, wọ́n á tún san owó láti dà á nù. Ibi tí ọ̀rọ̀ bátìrì wá wà, ewu ni. Bátìrì fóònù, ti ohun ìṣeré ọmọdé, ti vape, tó bá wọ inú ọkọ̀ akólẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó lè gbiná. Ìwádìí tí àjọ Material Focus gbé jáde ní 2024 ka irú iná bẹ́ẹ̀ tó ju 1,200 lọ láàárín ọdún kan, nínú ọkọ̀ akólẹ̀ àti níbi tí wọ́n ti ń ṣètò ìdọ̀tí ní ilẹ̀ yìí. Ènìyàn bíi tiwa ló ń wa ọkọ̀ náà.

ÒYÌNBÓ TÓ Ń DA MÀMÁ RÚ

Ẹ gbé àmì ara bíìnì tàbí ìwé council kan, ẹ kà á bí ẹni tí kò dàgbà ní ilẹ̀ yìí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé "No film." Màmá tó ka ìwé mẹ́fà á béèrè pé, "Fíìmù wo? Ta ló fẹ́ sọ fíìmù nù?" Kò mọ̀ pé ọ̀rá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ "Card." Ṣé káàdì báńkì ni, àbí káàdì ọjọ́ ìbí? Páálí ni wọ́n ń wí. Wọ́n kọ "Refuse." Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kà á pé kọ̀ ọ́, má gbà á. Wọ́n kọ "Mixed dry recycling." Ṣé kí á sá a gbẹ ni, àbí kí á pò ó pọ̀? Gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí yé ẹni tó kọ wọ́n. Kò yé ẹni tó fẹ́ lò wọ́n.

Ṣùgbọ́n kí á má fi gbogbo ẹ̀ ti òyìnbó, torí Yorùbá tiwa náà ní ọ̀nà tó fi ń dani rú. Tí a bá ní "ìgò", ọ̀pọ̀ wa ń pe ti gíláàsì àti ti ike bẹ́ẹ̀. Tí a bá ní "rọ́bà", bọ́kẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, ike omi wà níbẹ̀, ìfọ́là náà lè wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ àmì ní Yorùbá gbọ́dọ̀ ya ike sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rá, kó sì ya ìgò gíláàsì sọ́tọ̀ kúrò lára ike omi.

Ẹ má sì gbàgbé àmì ohùn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kọ "ko ile" láìfi àmì sí i, kí ẹ wá sọ fún wa ohun tó jẹ́. Ó lè jẹ́ "kó ilẹ̀", pé kí ẹ palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́. Ó lè jẹ́ "kọ́ ilé", pé kí ẹ ra bíríkì àti sìmẹ́ǹtì. Ó tún lè jẹ́ "kó ilé", èyí tí àwọn olè ń ṣe! Àmì kékeré lórí ọ̀rọ̀ ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

ỌFÀ MẸ́TA KÌ Í ṢE "JÙ Ú SÍBÍ"

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé ohunkóhun tó bá ní ọfà mẹ́ta tó ń yí po lára, àtúnlò ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1970, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní University of Southern California ní Amẹ́ríkà, Gary Anderson, ló ya ọfà mẹ́ta náà, ó sì fi gba ẹ̀bùn nínú ìdíje tí ilé iṣẹ́ páálí kan gbé kalẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni. Wọn kò fi òfin dì í mú fún ẹnì kan ṣoṣo, bí gbogbo ayé ṣe ń lò ó bó ṣe wù wọ́n nìyẹn.

Ní 1988, àwọn oníṣẹ́ ike ní Amẹ́ríkà fi nọ́ńbà 1 sí 7 sáàárín irú ọfà bẹ́ẹ̀. Irú ike tí nǹkan náà jẹ́ ni nọ́ńbà yìí ń sọ, kò sọ pé bíìnì yín ń gbà á. Ní Jámánì ẹ̀wẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n ní àmì róbótó aláwọ̀ ewé kan tó ní ọfà méjì tó wọnú ara wọn, tó sì wà lára ọjà púpọ̀ tí à ń rà níbí. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹni tó ṣe ọjà náà ti san owó sápò ètò ìkólẹ̀. Owó ló ń sọ, kì í ṣe bíìnì.

Àwọ̀ nìkan náà kò tó. Ní Barking and Dagenham, bíìnì aláwọ̀ eérú ni ti ìdọ̀tí, ti búráùn ni ti àtúnlò. Ní ọ̀dọ̀ àwọn council míì, ti búráùn ni ti koríko àti ewé. Ní Havering tó múlé tì wá, àpò aláwọ̀ ọsàn ni wọ́n fi ń kó ohun àtúnlò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀gbọ́n tó bá ti ibòmíràn wá kí wa á kàn ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é nílé rẹ̀. Ní ilẹ̀ yìí pẹ̀lú, nínú ọkùnrin méjìlá, bí ẹnì kan ni ojú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ya àwọn àwọ̀ kan sọ́tọ̀.

ÀWỌN BABA WA MỌ ÀMÌ

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ọmọ yín pé òyìnbó ló kọ́ wa ní àtúnlò. Àwa tí a dàgbà nílé gbọ́ ohùn àwọn oníkòròfo tó ń kiri àdúgbò láti ra ìgò òfìfo. Ìwé ìròyìn àná ni wọ́n fi ń pọ́n àkàrà òní. Agolo tòmátò ni wọ́n fi ń wọn ìrẹsì àti ẹ̀wà lọ́jà, tí dèrícà fi di orúkọ òṣùwọ̀n. Ní Èkó lónìí, ilé iṣẹ́ Wecyclers, tí Bilikiss Adebiyi-Abiola dá sílẹ̀ ní 2012, bẹ̀rẹ̀ nípa fífi kẹ̀kẹ́ kó ike àti agolo láti ojúlé dé ojúlé. Máàkì ni wọ́n ń fún àwọn tó kó o jọ, tí wọ́n á fi gba nǹkan.

Àwọn baba wa sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi àmì sọ̀rọ̀. Ẹ rántí ààlè. Ẹnì kan to igi ìdáná rẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà oko, kò sí níbẹ̀, kò sì sí ọlọ́pàá. Ó fi igi gún ilẹ̀, ó so ìgbálẹ̀ tó ti gbó mọ́ ọn, tàbí akísà pupa, tàbí ìkaraun ìgbín, tàbí ṣùkù àgbàdo. Ẹni tó mọ̀wé àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, tí wọ́n bá dé ibẹ̀, wọ́n mọ̀ pé nǹkan yìí ní olúwa, ẹni tó bá mú un á jìyà rẹ̀. Ẹ sì ṣàkíyèsí pé pàǹtí ni wọ́n fi ń ṣe ààlè!

Àrokò náà ńkọ́? Bí wọ́n bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ síni, ẹni tó gbà á gbọ́ "fà" nínú ẹẹ́fà: ọkàn mi fà sí ọ. Bó bá jẹ́ mẹ́jọ, ó gbọ́ "jọ": ọ̀rọ̀ wa jọra, a fohùn ṣọ̀kan. Ó yé wọn torí pé tọ̀túntòsì ti jọ gba ìtumọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta la rí kọ́ níbẹ̀. Èkínní, ohun gidi ni wọ́n ń lò, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Èkejì, ojú ibi tí ọwọ́ máa dé ni wọ́n ń fi í sí. Ẹ̀kẹta, ìtumọ̀ kan náà ni gbogbo ìlú gbà. Ẹ̀kọ́ kẹta yìí gan-an ni Denmark lò ní 2017, nígbà tí wọ́n gbé àwòrán kan náà kalẹ̀ fún irú ìdọ̀tí kọ̀ọ̀kan, tí àwọn ìlú jákèjádò orílẹ̀-èdè náà lè jọ máa lò.

BÍ A ṢE LÈ ṢE TIWA

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gbé ní àwọn ilé Becontree, tí London County Council kọ́ láti 1921 sí 1935, tó lé ní 25,000. Láyé ìgbà náà, èédú ni wọ́n fi ń dáná, eérú ló pọ̀ jù nínú ìdọ̀tí ilé, bíìnì kan sì tó. Kò sẹ́ni tó ro ti àpò mẹ́ta nígbà tí wọ́n ń wọn kíṣìnì. Nítorí náà, ẹ kan ìkọ́ mẹ́ta sára ògiri tàbí sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí ẹ fi àpò kọ̀ọ̀kan kọ́ ọ.

Ẹ má lẹ àmì mọ́ ara àpò, torí àpò á lọ, àmì á bá a lọ. Ẹ gé páálí tó tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, ẹ lu ihò sí i, ẹ fi okùn so ó kọ́ bí ààlè, kó máa dúró de àpò tuntun.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba ìwé council ti ọdún yìí gan-an, kí ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀. Ẹ má tẹ̀lé ti ọ̀rẹ́ tó ń gbé ní Peckham. Ẹ yan nǹkan mẹ́rin tàbí márùn-ún tó pọ̀ jù ní kíṣìnì yín fún àpò kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ya àwòrán ìgò wáìnì tí ẹ kì í mu. Ẹ gé ara páálí iṣu, ara bébà tó wà lára agolo tòmátò, ìdérí ike omi, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ohun tí Màmá ń fọwọ́ mú lójoojúmọ́ ni kó rí níbẹ̀.

Ní ìsàlẹ̀, ẹ fi ìlà pupa sọ ohun méjì tí kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Méjì tó, tó bá di mẹ́wàá, kò sẹ́ni tó máa kà á. Ẹ kọ Yorùbá gàdàgbà pẹ̀lú àmì ohùn, kí òyìnbó tẹ̀lé e ní kékeré: PÁÁLÍ ÀTI ÌWÉ TÓ GBẸ. AGOLO TÍ A TI ṢAN. IKE OMI. Ẹ kọ ọdún sí igun rẹ̀ bí a ti ń kọ ọ́ sórí ìwé ìṣirò. Ìjọba ti fi 31 March 2026 ṣe ọjọ́ tí àwọn council ní England gbọ́dọ̀ máa gba oúnjẹ tó ṣẹ́kù, ìwé, ike, agolo àti ìgò lẹ́nu ọ̀nà ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fún àwọn council kan láàyè sí i. Ọ̀rá di 31 March 2027. Ohun tí bíìnì ń gbà á máa yí padà, àmì tí kò ní ọdún lára á sì máa purọ́ láìmọ̀.

Ìdánwò ló kù. Ẹ kó nǹkan mẹ́wàá sórí tábìlì, ẹ bẹ Màmá pé kó bá yín pín wọn sínú àpò. Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Èyí tó bá lọ síbi tí kò yẹ, ẹ má pe Màmá lẹ́jọ́. Àmì ló kùnà, ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì bi í pé, "Màmá, báwo ni ká ṣe kọ ọ́ tó fi máa yéni?" Ẹ ó rí i pé ó máa sọ ohun tí ẹ ò rò. Láti ọjọ́ yẹn, òun ni ọ̀gá àpò, òun náà ló máa kọ́ àlejò.

FÚN Ẹ̀YIN ỌMỌ WA

Ẹ dáhùn kí ẹ tó wo ìsàlẹ̀. Níbo ni nǹkan wọ̀nyí ń lọ?

1. Páálí tí wọ́n fi kó iṣu wá
2. Agolo tòmátò tí a ti ṣan
3. Ọ̀rá Indomie
4. Bátìrì rìmóòtù
5. Àpò ìrẹsì ńlá
6. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀

Ìdáhùn: 1, búráùn, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. 2, búráùn. 3, eérú ni títí council á fi máa gba ọ̀rá. Àwọn ilé ìtajà ńlá kan ní àpótí tí wọ́n ń kó o sí. 4, kò wọ bíìnì kankan rárá! Láti February 2010 ni òfin ti ní kí ṣọ́ọ̀bù tó ń ta bátìrì púpọ̀ máa gba èyí tó ti kú padà. Ẹ tún lè mú un lọ sí ibùdó àtúnlò Frizlands Lane ní Dagenham. 5, ẹ má tíì sọ ọ́ nù, Màmá mọ ohun tó máa fi ṣe. 6, inú àpótí oúnjẹ, bí council bá ti fún ilé yín. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, eérú.

Ẹ mú àmì tí ẹ bá ṣe wá sí ìpàdé wa tó ń bọ̀, kí ẹ sì mú Màmá yín dání. Àwọn ìyá àgbà la máa fi ṣe adájọ́. Èyí tí gbogbo wọn bá kà láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, òun la máa tẹ̀ fún gbogbo ilé. Kí Olúwa bá wa dá àwọn ìyá wa sí o.